Ìwé Ìpè Láti Ilé Ẹjọ́

Kò sí ohun tí ó máa ń tètè da ọkàn ènìyàn rú bí ìwé tí ó ti ilé ẹjọ́ wá. Ẹni tí a fi í lé lọ́wọ́ lè má tí ì ṣí i rárá tí àyà rẹ̀ yóò ti máa lù kì kì kì. Ẹlòmíràn a kà á, a tún un ká, a sì fi í pamọ́ sí abẹ́ ìbùsùn tàbí sí àárín àwọn ìwé àtijọ́, bí ẹni pé ohun tí ojú kò bá rí kò lè ṣe ara ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí: bí a bá dé e ní ìdérí tí a sì gbàgbé rẹ̀, kíkan ni yóò kan.

Àwọn baba wa mọ iyì ìpè. Ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, bí Aláàfin bá fẹ́ rí ènìyàn, ìlàrí ni yóò rán sí i. Ẹni tí ó bá rí ìlàrí tí a fá apá kan orí rẹ̀, tí ó sì mọ ilé tí ó ti wá, kò ní í jókòó máa ro ó bóyá kí òun lọ tàbí kí òun má lọ. Yóò dìde. Lónìí, ìwé pẹlẹbẹ kan tí a lu òǹtẹ̀ mọ́ ni ó gba ipò ìlàrí. Kò ní ẹnu tí yóò fi kígbe, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí ó rán an níṣẹ́ kò kéré.

Ohun tí ó tún ń dá kún ọ̀ràn náà ni òwe wa kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣe ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lò ó sí ibi tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ ìjà láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì rẹ̀ ni òwe náà ń sọ: ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ ogún. Bí òfin ìlú bá ti pe ènìyàn, kò sí ọ̀rẹ́ tí a fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ nítorí òwe yìí, òwe ni ó fi ṣe ibojú, ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀yin ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Èkó dáadáa yóò mọ ibi tí à ń pè ní Ìsọlọ̀ Ìńdọ́sítíríà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tò sí lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá. Ní ìgbà kan rí, aṣọ ni a fi ń mọ ibẹ̀. Afprint ń tẹ àǹkárá níbẹ̀, Aswani náà sì ń hun aṣọ, títí tí orúkọ rẹ̀ fi di orúkọ ọjà tí àwọn ènìyàn ń ná ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wọ̀nyí rẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọjà kò yí padà. Lónìí, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ni ó wà níbẹ̀. Láti kùtùkùtù ni a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ńláńlá tí ó ń bọ̀ láti èbúté Àpápá, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó ń kó ọjà jáde sì ń wá àlàfo gbà láàárín wọn. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà ni ọ̀pọ̀ baba ọmọ, aago sì ni ọ̀gá wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà wọ̀nyí ń gbé nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú mi. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Ó jù mí lọ ní ọjọ́ orí, ó sì ti ń wakọ̀ kí n tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe abọ́ àti garawa oníke ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń kó ọjà wọn lọ sí Abẹ́òkúta àti sí àwọn ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Jẹ́jẹ́ ni ó máa ń rìn nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìwà ènìyàn nílé, ọ̀tọ̀ ni ìwà rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọkọ̀, tí ọ̀gá sì ń pè é lórí fóònù pé àwọn oníbàárà ti ń dúró.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró ní àárín ìlú kan tí ọ̀nà márosẹ̀ là kọjá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ fi hàn pé kìlómítà 76 ní wákàtí kan ni ó ń sá. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa sì ti là á sílẹ̀ pé níbi tí ilé àti ọjà bá wà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 50 lọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún un. ₦3,000 ni owó ìtanràn tí ó wà nínú ìwé náà. Ẹni tí ó bá gbà pé òun jẹ̀bi lè san án. Ẹni tí kò bá gbà lè lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́. Bàbá Ìbejì gbà pé òun sáré. Bí ó ti padà dé Ìsọlọ̀, ó mú ìwé náà tọ akọ̀wé ilé iṣẹ́ lọ, nítorí àṣà wọn ni pé ọ́fíìsì ni ó ń bójú tó gbogbo ìwé ọkọ̀. Akọ̀wé ní kí ó fi sílẹ̀, pé àwọn yóò san án. Wọn kò san án.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Bàbá Ìbejì kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú àpò ìwé kan lọ́wọ́ tí omi ti ta sí létí.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Mo rí orúkọ mi, mo sì rí òǹtẹ̀ ìjọba. Ìyókù kò yé mi tó.”

Mo kà á. Ìwé ìpè ni, láti ọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́ Májísíréètì kan. Wọ́n pè é pé kí ó wá ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni a wà yìí. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti kọjá ní ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo bi í pé, “Bàbá Ìbejì, nígbà wo ni èyí tẹ̀ yín lọ́wọ́?”

Ó dáhùn pé, “Ní òní ni. Akọ̀wé ń wá ìwé mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni ó rí i, ni ó bá jù ú sí mi.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tàn ká inú ọgbà, ìmọ̀ràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ju òjò lọ. Ẹnìkan ní kí ó fa ìwé náà ya, pé Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí ní Èkó, ta ni yóò wá a dé Ìsọlọ̀? Ẹlòmíràn ní òun mọ ẹnìkan tí ó mọ ẹnìkan ní àgọ́ ọlọ́pàá, pé bí a bá ti fún un ní nǹkan, ọ̀rọ̀ yóò parí. Ẹnìkẹta, tí ó fẹ́ràn Bàbá Ìbejì tọkàntọkàn, sọ pé òun lè gba ìwé lọ́wọ́ oníṣègùn kan tí yóò fi hàn pé àìsàn dá a dúró ní ọjọ́ kẹrin. Òun yìí ni ó dà bí ẹni pé ó gbọ́n jù lọ. Bàbá Ìbejì sì yí ojú sí mi, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà tí yóò bá ìwé àìsàn náà rìn.

Mo sọ fún un pé èmi yóò kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ti àìsàn. Mo ní, “Ara yín le ní ọjọ́ kẹrin. Abẹ́òkúta ni ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí adájọ́ bá bèèrè ìwé ìrìn àjò ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín ńkọ́? Eré ni wọ́n pè yín fún. Ẹ má fi irọ́ kún un.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀ gan-an. Ó ní òun mọ ẹni tí ó fa ìdádúró náà. Mẹ́gáàdì ẹnubodè ilé iṣẹ́ wọn ní ìwé ńlá kan tí ó ń kọ gbogbo ohun tí ó bá wọlé sí. Ó ti fi ìwé ìpè náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ láti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tí ó ṣáájú, akọ̀wé sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni akọ̀wé yìí. Bí òun bá mú ẹ̀rí náà lọ síwájú adájọ́, ọ̀gá yóò gbọ́. Bí òun kò bá sì mú un lọ, wọn yóò gbà pé òun ṣe orí kunkun sí ilé ẹjọ́. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ wọn.”

N kò lè bá a pinnu èyí. Iṣẹ́ ẹni kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn í fi ta tẹ́tẹ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa òfin fún un, kí ó lè fi ojú tí ó là yan ọ̀nà rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ilé ẹjọ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ni kí a kà sí aláìjẹ̀bi títí a óò fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Ó tún sọ pé kí a fún un ní àkókò tí ó tó láti múra àwíjàre rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ohun kan náà ní kúkúrú: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá ẹjọ́ kan láàárín lọ́yà kan àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ó sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́, nítorí náà wọn kò lè fúnra wọn dá ènìyàn lẹ́bi kí wọ́n sì bu ìtanràn lé e. Ilé ẹjọ́ ni ó ni agbára yẹn. Ẹ ò rí i pé ilé ẹjọ́ tí à ń sá fún gan-an ni odi tí ó dáàbò bò wá? Ṣùgbọ́n odi kò lè dáàbò bo ẹni tí ó kọ̀ láti wọ inú rẹ̀.

Mo tún ṣe àlàyé ìdí tí ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fi ṣe pàtàkì. Bí a bá pe ènìyàn tí kò wá, adájọ́ lè fi ọwọ́ sí ìwé àṣẹ pé kí ọlọ́pàá lọ mú un. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ìpè náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a pè. Nítorí náà, ẹni tí ìpè kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àkókò ní ohun gidi láti sọ. Ohun tí ó kù ni pé kí ó lọ sọ ọ́, kí ó sì yára sọ ọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni òfin ti mọ̀ pé ìwé lè ṣìnà. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ́nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó ń mú ẹni tí ó bá sáré jù, orúkọ àti àdírẹ́sì tí a fi forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ẹni tí a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà. Bí ó bá dákẹ́, dídákẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè wúwo ju eré tí a sá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kó kúrò nílé àtijọ́ láì yí àdírẹ́sì padà, a ó sì dá wọn lẹ́bi lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti 1980 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà: láàárín ọjọ́ 21 tí ó bá gbọ́ nípa ìdájọ́ náà, ó lè búra pé òun kò mọ̀ pé a pe òun lẹ́jọ́, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà ní ọ̀tun. Ẹ kíyè sí i: kò sí ibi tí òfin ti sọ pé kí ènìyàn jókòó. Ó fàyè gba ẹni tí ó pẹ́. Kò fàyè gba ẹni tí ó ń pẹ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, Bàbá Ìbejì tún wá. Ó ti ya àwòrán ojú ewé ìwé ẹnubodè náà. Ó ní òun ti lọ bá akọ̀wé fúnra rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, pé òun kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Inú akọ̀wé kò dùn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ní, “Bí mo bá gbé ẹ̀ṣẹ̀ àìgbọràn tí n kò ṣẹ̀ kún eré tí mo sá, ẹrù náà yóò ju orí mi lọ.”

A jókòó, a kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá tú u sí èdè wa, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

“Ẹ pè mí síwájú ilé ẹjọ́ yín ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. N kò wá. Ìwé ìpè náà dé ibi iṣẹ́ mi ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tí ó kọjá, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ẹ̀dà ìwé ẹnubodè tí ó fi èyí hàn nìyí. Mo tọrọ àforíjì fún ìdádúró náà. Mo ti ṣetán láti wá ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá.”

Ẹ wo bí lẹ́tà náà ti kúrú tó. Kò sọ ìtàn ìyà tí ó ń jẹ ẹni tí ó kọ ọ́, kò bú akọ̀wé, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí eré. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí kan, àforíjì kan àti ìlérí kan. Bí ẹ bá ń kọ ìwé sí ilé ẹjọ́ tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo bá a lọ. A dé ibẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó ṣí. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ gba lẹ́tà, ó wo inú ìwé rẹ̀, ó sì sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé ó dára bí a ti wá, nítorí adájọ́ ti fi ọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú Bàbá Ìbejì. Ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì gbọ̀n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó bọ́ síwájú. Obìnrin ni adájọ́ náà. Ó ka lẹ́tà, ó wo ẹ̀dà ìwé ẹnubodè fún ìgbà pípẹ́. Ògbufọ̀ ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Adájọ́ bèèrè pé ta ni ó mú un wá sí ilé ẹjọ́ lónìí, ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó? Bàbá Ìbejì dáhùn pé, “Kò sí ẹni tí ó mú mi wá o. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá.”

Adájọ́ fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ó wá bi í nípa ẹ̀sùn eré. Bàbá Ìbejì ní, “Mo jẹ̀bi eré. N kò jẹ̀bi àìgbọràn.” Ní kúkúrú, wọ́n bu ìtanràn fún un. Owó náà ju ₦3,000 lọ dáadáa, nítorí iná tí a kò pa nígbà tí ó wà ní ṣíṣáná máa ń béèrè omi púpọ̀. Ó san án, ó gba rìsíìtì, a sì padà sí Ìsọlọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà parí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀gá kò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi mú un kúrò lórí ọkọ̀, tí wọ́n fi í sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí kò ti sí owó ìrìn àjò. Àwọn ọmọ rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ ní ìdajì ìdajì ní táàmù náà. Akọ̀wé kò kí i mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n dá a padà sórí ọkọ̀, nítorí wọn kò rí dírẹ́bà tí ó mọ ọ̀nà náà bí tirẹ̀. Wọ́n sì gbé àṣẹ kan kalẹ̀ pé ìwé yòówù tí orúkọ òṣìṣẹ́ bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọ́fíìsì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní òun ń sùn dáadáa.

Mo gbọ́dọ̀ padà sórí eré náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó bí gbogbo ọ̀ràn yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ni láàárín àwọn onímọ́tò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1896, ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Walter Arnold lẹ́bi pé ó wa ọkọ̀ rẹ̀ ní máìlì 8 ní wákàtí kan níbi tí òfin ti gba máìlì 2 péré. Ọlọ́pàá tí ó mú un, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó fi lé e bá. Ṣílè kan ni ìtanràn rẹ̀. A lè rẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń yára sí i, tí ẹran ara ènìyàn kò sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà mọ́tò ní gbogbo ayé ní ọdún 2021 sí nǹkan bí 1,190,000. Nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́.

Ẹ mú pẹ́ńsù yín kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Bí ènìyàn bá ní kìlómítà 10 láti rìn, tí ó sì rìn ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 12 ni yóò gbà á. Bí ó bá sáré dé 80, yóò gbà á ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ péré ni ó jèrè. Kí ni ó fi rà á? Ìwé ìlànà ojú ọ̀nà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọkọ̀ tí ó ń sá ní kìlómítà 48 ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 14 lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró. Bí ó bá ń sá ní ìlọ́po méjì, ìyẹn 96, kì í ṣe mítà 28 ni yóò rìn, bí kò ṣe mítà 55. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà ìdúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú àlàfo yẹn ni ọmọ tí ń gbé omi kọjá títì wà. Bàbá Ìbejì sọ fún mi pé òun kò ronú kan ọmọ kankan ní ọjọ́ náà. Fóònù ọ̀gá ni ó kún etí òun. Nítorí náà, ọ̀gá tí ń pe dírẹ́bà pé kí ó yára ní ìpín nínú eré náà, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìpè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin náà yóò gba ìwé. Ó lè jẹ́ ti ilé ẹjọ́, ó lè jẹ́ ti owó orí, ó lè jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí ó bá dé, ẹ ṣí i ní ọjọ́ tí ó dé. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá wà fún ẹlòmíràn, ẹ fi lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí ẹnìkan lè wà tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò ìwé tí ẹ jù sínú dúrọ́ọ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé àkókò ti kọjá, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dè yín mọ́lẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè pè é, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu.